Ààrẹ Látòósà: Ọ̀gágun tí Ìbàdàn Bẹ̀rù tí Wọn Kò sì Fẹ́ràn

Bí ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìgbómìnà àti ọmọ Ẹ̀gbá ti ń jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa yìí, àwọn bàbá ńlá wa kò lè jókòó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1877 sí 1893. Ọdún 16 gbáko ni wọ́n fi kọjú ìbọn sí ara wọn. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìdálẹ̀ kò mọ̀ ju orúkọ Kírìjí lọ. A kò sì lè pa ìtàn náà kí a má dárúkọ Ọbadòkè Látòósà.

Ní ọdún 1871, lẹ́yìn ikú Baálẹ̀ Orówùsì, Látòósà di olórí Ìbàdàn. Kò jẹ Baálẹ̀, kò sì jẹ Baṣọ̀run. Oyè Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ni ó jẹ, oyè tí Àfọ̀njá Ìlọrin àti Kúrunmí Ìjàyè ti jẹ rí. Òun ni Kakaǹfò kejìlá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ ẹ́ ní Ìbàdàn. Ohun tí a mọ̀ mọ́ Kakaǹfò ni pé kò gbọdọ̀ sá lójú ogun: kí ó ṣẹ́gun, tàbí kí ó kú síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí ẹnì kan lè dá jagun fún. Olúkúlùkù ìjòyè ni ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, ìbọn tirẹ̀, àti oko tí ó fi ń bọ́ wọn. Látòósà kò fẹ́ èyí. Ó ń kó agbára jọ sí agboolé ara rẹ̀, ó ń gbé Sànúsí ọmọ rẹ̀ àti àwọn ẹrú rẹ̀ ga lójú àwọn ológun tí wọ́n ti ń jagun kí wọ́n tó bí ọmọ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà lè máa rò pé Látòósà gba ìlú lọ́wọ́ ìkà obìnrin ni. Eré ni ìyẹn. Nínú ìtàn, oníṣòwò pàtàkì ni Ìyálóde, òun ni ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun ní àwìn. Ẹ̀sùn tí Ààrẹ kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun níbẹ̀, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní ọdún 1874. Kò pẹ́ sí i, àwọn ẹrú ilé rẹ̀ pa á lóru, Ààrẹ sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo rò pé Ìbàdàn pàdánù ẹni tí ì bá yá wọn ní ẹ̀tù lọ́jọ́ tí ọ̀nà dí.

Ọ̀nà sì dí lóòótọ́. Ní ọdún 1877 Látòósà bẹ̀rẹ̀ ogun pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá nítorí ẹ̀tù ìbọn tí wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Ọ̀pọ̀ ìjòyè kò fẹ́ ogun náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi dandan mú Ìyàpọ̀ Sẹ̀ríkí kú, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé tí gbogbo Ìbàdàn ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí Ààrẹ, ẹ̀rù ni ó ń bà á.

Ní ọdún 1878 Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí ìwọ̀sí tí wọ́n ń fi lọ ará ìlú. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Ìlọrin para pọ̀. Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Ìkìrun ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, odò Ọ̀tìn gbé ọ̀pọ̀ lọ, èyí ni a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ni ó ṣáájú ogun yìí. Ààrẹ wà nílé. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Balógun fi kú.

Nígbà tí Látòósà fúnra rẹ̀ jáde lọ sí Kírìjí, lórí àwọn òkè tí ó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ó lérí pé lẹ́yìn ogun òun kò ní sí ogun mọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá níwájú ni Ògèdèǹgbé, ẹni tí ó kọ́ ogun jíjà ní Ìbàdàn gan-an. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó ti dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ ará ìdálẹ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìbọn ni wọ́n ń fi owó ẹgbẹ́ rà: ìbọn tuntun tí a ń ti ẹ̀yìn kì, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń yin ṣakabùlà. Ariwo ìbọn ni ó sọ ibẹ̀ ní Kírìjí.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Àwọn ìjòyè mọ̀ pé bí Ààrẹ bá ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí yóò lè mú un mọ́ nílé, olúkúlùkù sì ń ṣọ́ ọmọ ogun tirẹ̀ ná. Àwọn ọmọ ogun ń kọ́ ilé, wọ́n ń gbin àgbàdo, wọ́n ń bímọ sí ibùdó. Ní ọdún 1881 Aláàfin Adéyẹmí kìíní ránṣẹ́ sí Gómìnà Èkó pé kí ó bá wọn parí ìjà. Ìjà kò parí. Látòósà kú sí Kírìjí ní ọdún 1885, láì ṣẹ́gun, láì sì padà sílé.

Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹ́kún ni ó gba ipò olórí ogun lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún 1886, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni ogun tó tú pátápátá. Ọ̀ṣúngbẹ́kún kò dé orí oyè Baálẹ̀; Fíjàbí ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ní ti oyè Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ó ṣófo láti ọjọ́ tí Látòósà ti kú títí di ọdún 1964, nígbà tí Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá jẹ ẹ́.