Samuel Okoye àti Ìró tó Ti Ọ̀run Wá

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ohun kan: ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Igbo ni. Awólọ́wọ̀, Àjàyí Crowther àti Mọremí ni wọ́n sábà máa ń gba ojú ìwé yìí, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa fajú ro. Ẹ ní sùúrù. Ìbàdàn ló ti kàwé gboyè, àwa náà tí à ń sọ Yorùbá ní Sókótó láàárín Hausa, Fúlàní àti Igbo, ṣé a wá lè sọ pé ọmọ aládùúgbò ò kàn wá?

Ohun tó fà á nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú táàmù yìí, NEPA mú iná lọ, ooru sì mú débi pé wọ́n ní ká gbé mátírẹ́ẹ̀sì wa síta. Rédíò kékeré mẹ́gáàdì wa ń dún lẹ́nu géètì. Bí wọ́n ṣe ń yí i kiri láti wá ìròyìn Hausa, ó bọ́ sí ibi tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan, ó wá ń hó ṣììì, ó tún ń ta pá, pá, pá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn ẹ̀dá inú ọ̀run ló ń ránṣẹ́ sí wa, òun ti rí i lórí fóònù ẹ̀gbọ́n òun. Òmíì ní irọ́ ni, àlùjànnú ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dìjà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn méjèèjì ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ni mo bá lọ bi olùkọ́ físíìsì wa. Ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn: ṣé mo mọ Samuel Okoye? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọdún 1939 ni wọ́n bí Samuel Ejikeme Okoye. Ará Amawbia ni, ní Ìpínlẹ̀ Anambra òní. Nígbà tó dàgbà tó ilé-ẹ̀kọ́ gíga, University College ti Ìbàdàn ló lọ. Ọdún 1948 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nígbà náà. Físíìsì ló kà. Láti ibẹ̀ ló ti kọjá sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Antony Hewish, láti kọ́ nípa ìgbì rédíò tí ń ti ojú ọ̀run wá.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ojú ọ̀run ń rán ìgbì rédíò wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo rédíò mẹ́gáàdì yẹn kò ju mànàmáná, jẹnẹrétọ̀ àti wáyà iná lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ wà nínú ariwo rédíò tí kì í ṣe ti ayé yìí. Karl Jansky, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ mọ̀, ní nǹkan bí ọdún 1932. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kó wá ohun tó ń da ariwo sínú ìpè tẹlifóònù tó ń gba orí òkun kọjá. Ó bá mànàmáná tòsí níbẹ̀, ó bá ti ọ̀nà jíjìn, ó sì bá ẹ̀kẹta: híhó jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí kì í dákẹ́. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi rí i pé àárín gbùngbùn agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń fi wáyà àti irin gbọ́ ohun tí ojú kò lè rí.

Ní Cambridge, ọ̀nà kan tó rọrùn lójú mi báyìí, àmọ́ tó jẹ́ ọgbọ́n ńlá, ni Hewish àti Okoye ń lò. Ẹ wo ojú ọ̀run lálẹ́. Ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, òṣùpá kì í ṣẹ́jú. Kí ló dé? Nítorí pé lójú wa ìràwọ̀ dà bí ẹnu abẹ́rẹ́, atẹ́gùn tó ń yí lókè kò ní pẹ́ gbọ̀n ọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n òṣùpá fẹ̀. Ìgbì rédíò náà ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Oòrùn máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná kan jáde lára nígbà gbogbo, bí ìgbì rédíò bá gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tó bá ti ara ohun kékeré wá á máa gbọ̀n, èyí tó bá ti ara ohun fífẹ̀ wá kò ní gbọ̀n. Ìyẹn ni pé bí ohun kan bá ń ṣẹ́jú nínú rédíò, kékeré ni lójú wa.

Wọ́n wá kọjú ọ̀nà yìí sí ìkùukùu kan tí wọ́n ń pè ní Crab, ìyẹn akàn. Ìtàn tirẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 1054, àwọn ará Ṣáínà rí ìràwọ̀ àlejò kan tó mọ́lẹ̀ débi pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi rí i lọ́sàn-án gangan. Ìràwọ̀ ńlá kan ló bú gbàmù. Sókótó kò tíì sí nígbà yẹn, àmọ́ èèyàn wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ta ló mọ ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ wí nípa rẹ̀! Ìfọ́kù ìràwọ̀ yẹn ni Crab. Ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé nǹkan bí ọdún 6,500 ni ìmọ́lẹ̀ fi ń rìn láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ń rán ìgbì rédíò wá, wọ́n sì rò pé ara gbogbo ìkùukùu fífẹ̀ náà ló ti ń wá. Okoye àti Hewish rí i pé apá kan nínú rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ohun kékeré kan fara pamọ́ sínú ìkùukùu náà, agbára tó sì fi ń tàn nínú rédíò kọjá ohun tí ooru lásán lè ṣe.

Ní 1965 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Okoye kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí. Nínú àkọlé wọn, wọ́n kàn pè é ní orísun tó ṣàjèjì. Wọn ò pè é ní ẹ̀dá, wọn ò sọ pé àwọn ti yanjú rẹ̀. Ohun tí irinṣẹ́ wọn wọ̀n ni wọ́n kọ, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní àwa ni, lójú ẹsẹ̀ ni à bá ti sọ ọ́ lórúkọ!

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 1967, akẹ́kọ̀ọ́ Hewish mìíràn, ọmọbìnrin ará Northern Ireland tó ń jẹ́ Jocelyn Bell, ń fi irinṣẹ́ tuntun tí wọ́n ṣe nítorí ìṣẹ́jú yìí kan náà wo ojú ọ̀run. Ó gbọ́ ohun kan tó ń lù kì, kì, kì, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀, láìyẹsẹ̀. Àwọn náà fi ṣeré pé ènìyàn kékeré aláwọ̀ ewé ni. Nígbà tí òmíràn tún jáde níbi tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀dá parí. Òkú ìràwọ̀ ni wọ́n, tó sún kì títí tó fi kéré bí ìlú kan, tó ń pòòyì, tó sì ń tan ìgbì rédíò yíká bí iná ọkọ̀ ọlọ́pàá. Pulsar ni wọ́n sọ ọ́. Ní 1968 wọ́n rí pulsar kan nínú Crab. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbà ló ń yí po láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Òun náà ni ohun kékeré tí Okoye àti Hewish ti rí.

Kí ló dé tí wọn ò gbọ́ lílù rẹ̀ ní 1965? Irú ìgbì tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ máa ń nà lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, lílù kan á wọ inú èkejì. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí nínú gbọ̀ngàn ìpàdé wa bí wọ́n bá ń sáré lu gángan: ariwo nìkan lẹni tó wà lẹ́yìn ń gbọ́.

Ní 1974 wọ́n fún Hewish àti Martin Ryle ní ẹ̀bùn Nobel. Wọn ò fún Bell, èèyàn púpọ̀ ló sì bínú. Ti Okoye kò tilẹ̀ dìjà rárá, nítorí pé ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ kò pọ̀. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Òun ti wà nílé ní tirẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ onírédíò, kò sì jókòó sí Cambridge. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ló ti ṣiṣẹ́. Ẹ mọ ohun tí ogun 1967 sí 1970 ṣe fún agbègbè yẹn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, ní 1972, ó dá ibùdó ìwádìí òfuurufú sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí ilé ìwé ṣì ń wá òrùlé. Àwọn tó kọ́ ti kọ́ àwọn mìíràn, Nsukka sì ni ìjọba àpapọ̀ fi ibùdó ìmọ̀ ìràwọ̀ rẹ̀ sí títí dòní. Okoye kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Púpọ̀ nínú wa kò tíì dáyé.

Ó bọ́ sí i pé àdììtú ìgbì ọ̀run kò tíì tán o. Ní 2007 wọ́n kéde irú kan tó máa ń bú fìrí, tí kì í tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, láti ibi tó jìnnà ju gbogbo ìràwọ̀ tí ojú wa ń rí lọ. Ariwo ẹ̀dá tún bẹ̀rẹ̀. Ní 2020, wọ́n rí irú rẹ̀ kan tó wá láti inú agbo ìràwọ̀ tiwa, òkú ìràwọ̀ kan tí agbára òòfà rẹ̀ ga gidi ló sì ti wá, mọ̀lẹ́bí ohun tó wà nínú Crab. Bóyá gbogbo wọn ló ti irú ibẹ̀ wá, wọ́n ṣì ń wá a.

Mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì, wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí a bá wọlé padà ní oṣù Kíní, tí eruku ọyẹ́ bá gbà fún wa, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, ẹ dúró láàárín pápá kí ẹ gbé orí sókè. Àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Akọ Màlúù á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà gbọnrangandan lókè orí wa. Ẹ wo ṣóńṣó ìwo rẹ̀ tó wà lápá gúúsù. Ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, ojú lásán kò ká a, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Crab wà, tó ń yí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.