Ìtàn Harry Burleigh, Akọrin Ìjọ St. George's

Ní ìlú Erie ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bàbá àgbà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tan fìtílà ojú pópó ní ìrọ̀lẹ́. Ohun ìyanu ni èyí, nítorí ojú bàbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń fà á lọ́wọ́ láti ìdí òpó kan dé ìdí òmíràn, bí wọ́n sì ti ń lọ ni ó ń kọrin fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Harry Thacker Burleigh, tí a bí ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1866, ẹni tí àwa fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Orúkọ bàbá àgbà náà ni Hamilton Waters. Ẹrú ni í ṣe rí ní Maryland, ó sì ra ara rẹ̀ padà ní ọdún 1832. Kí a tó lè mọ bí ewu tí ó bọ́ nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ náà nígbà náà. Àwọn aláwọ̀ funfun ń ṣí lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún 1803 ni ìjọba wọn ra Louisiana lọ́wọ́ Faransé. Wọ́n ń lé àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń gbin òwú sí ilẹ̀ titun náà. Iṣẹ́ òwú ń fẹ́ ènìyàn púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣòwò ṣe ń ra ẹrú ní Maryland àti Virginia, tí wọ́n ń dè wọ́n ní ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n sì ń dà wọ́n lọ sí Alabama, Mississippi, Louisiana àti Texas. Láàárín ọdún 1790 sí 1860, nǹkan bí 1,000,000 ènìyàn ni a kó lọ báyìí. A ta ọkọ kúrò lọ́dọ̀ aya, a ta ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́ láyé. Àwọn tí a ń dà lọ kò ní ẹrù, wọn kò ní ìwé. Orin wà lára ohun díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Abájọ tí odò tí a ó là kọjá, àti ilé tí ó jìnnà réré, fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú orin wọn. Orin ìgbàgbọ́ ni. Orin àwọn tí a ṣí nípò ni pẹ̀lú.

Waters kò bá wọn lọ sí oko òwú. Ọ̀nà àríwá ni ó gbà, àwọn orin náà sì bá a dé Erie.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Elizabeth, ìyá Harry, kàwé dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì gbọ́ èdè Faransé àti ti Gíríìkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wá iṣẹ́ olùkọ́, wọn kò fún un nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Iṣẹ́ gbígbá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fún un. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rò ó wò! Obìnrin yìí a tún máa ṣe ìránṣẹ́ ní ilé ọlọ́rọ̀ kan, níbi tí àwọn olórin ńlá ti ń wá ta dùùrù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Harry dúró sí ìta nínú òjò dídì láti gbọ́ orin láti ojú fèrèsé, àìsàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Láti ìgbà náà ni a ti fi í ṣe ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, kí ó lè máa gbọ́ orin nínú ilé.

Ní ọdún 1892, ó lọ sí New York láti wọ National Conservatory, ilé-ẹ̀kọ́ orin tí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú. Máàkì rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n obìnrin tí ń ṣe akọ̀wé ibẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí a fi gbà á láìsan owó.

Ní ọdún kan náà ni Antonín Dvořák, olórin ńlá ti ilẹ̀ Bohemia, dé láti ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Nígbà púpọ̀ ni ó ń pe Burleigh sí ilé rẹ̀ kí ó wá kọ orin àwọn ẹrú fún òun. Ní ọdún 1893, ó sọ ní gbangba pé lórí orin wọ̀nyí ni kí Amẹ́ríkà kọ́ orin tirẹ̀ lé. Inú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò dùn sí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, Dvořák rìnrìn-àjò lọ sí Spillville ní Iowa, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, láàárín àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti ṣí wá dá oko síbẹ̀. Ó ń lu dùùrù ní ilé ìsìn wọn, ó sì kọ orin titun méjì síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ni a lu orin ńlá rẹ̀ ti Ayé Titun ní New York, Burleigh sì wà lára àwọn tí ó bá a da ìwé orin náà kọ.

Ní ọdún 1894, ìjọ St. George's ní New York, ti Episcopal, èyí tí í ṣe Anglican ti Amẹ́ríkà, ń wá akọrin. Nǹkan bí 60 ènìyàn ni wọ́n wá dán ohùn wọn wò. Burleigh ni Àlùfáà Rainsford yàn. Àwọn kan nínú ìjọ bínú pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ dúró níwájú wọn kọrin, ṣùgbọ́n J. P. Morgan, olówó ńlá nì tí í ṣe wọ́dìn ìjọ náà, gbè sẹ́yìn rẹ̀. Burleigh kò fi ọ̀rọ̀ dá wọn lóhùn, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbájú mọ́. Ọdún 52 ni ó fi kọrin ní ìjọ náà, títí di 1946. Nígbà tí Morgan kú ní ọdún 1913, òun ni ó kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Samuel Coleridge-Taylor ti London, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Sierra Leone. Coleridge-Taylor yìí ni ó fi orin Yorùbá kan, Oloba, sí inú ìwé orin 24 tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1905.

Ní ìgbà náà, àwọn ẹlẹ́fẹ̀ orí ìtàgé a máa fi orin àwọn ẹrú ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn pàápàá sì ń tijú rẹ̀. Ní ọdún 1917, Burleigh tẹ Deep River jáde, ó tò ó fún ohùn ẹnìkan pẹ̀lú dùùrù, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe àwàdà. Ní ọdún wọnnì gan-an ni àwọn ọmọ ẹrú tún ń ṣí láti gúúsù lọ sí Chicago àti New York. Nígbà tí yóò fi di 1970, wọ́n tó nǹkan bí 6,000,000. Orin tí ó bá àwọn baba lọ sí oko òwú tún bá àwọn ọmọ wọ ìlú ńlá, àwọn akọrin bí Roland Hayes àti Marian Anderson sì gbé e dé Yúróòpù. Orin tí a fi ṣẹ̀sín di ohun tí a fi ń mọ Amẹ́ríkà.

Burleigh kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1949, ní ẹni ọdún 82. Ní ọdún 1994 ni a gbé egungun rẹ̀ padà sí Erie, ìlú tí ó ti ń fa bàbá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bí ọmọ yẹn bá ti tijú afọ́jú tí ń tan fìtílà, ta ni ìbá gba àwọn orin náà sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa rán àwọn ọmọ wa lọ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n sì gbọ́ orin tí ó wà lẹ́nu wọn kí ó tó di pé ilẹ̀ ṣú.