John Scopes, olùkọ́ tí a gbé lọ sí ilé ẹjọ́

Ọdún 1900 ni a bí John Scopes ní ìlú Paducah, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó kàwé tán, ó di olùkọ́ ní Dayton, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee.

Ní ọdún 1925, ìjọba Tennessee ṣòfin pé olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ pé ara ẹranko ni ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, nítorí Bíbélì sọ pé Ọlọ́run ni ó dá a. Síbẹ̀, ìwé tí ìjọba kan náà ní kí àwọn olùkọ́ máa lò ń ṣàlàyé ohun tí òfin kà léèwọ̀.

Àwọn kan ní Dayton bẹ Scopes pé kí ó jẹ́ kí a gbé òun lọ sí ilé ẹjọ́, kí a lè yẹ òfin náà wò. Ó gbà. Ọmọ ọdún 24 ni. William Jennings Bryan gbèjà òfin, Clarence Darrow gbèjà olùkọ́. Wọ́n dá Scopes lẹ́bi, wọ́n sì ní kí ó san owó ìtanràn 100 dọ́là. Ní ọdún 1927, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n òfin kò kúrò.

Scopes fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó lọ kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Ní ọdún 1967, Tennessee pa òfin náà rẹ́. Ojú Scopes ni ó ṣe: ọdún 1970 ni ó tó kú.