Cicely Williams: Dókítà tó gbọ́ orúkọ kwashiorkor lẹ́nu àwọn ará Accra

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Ga, èdè àwọn onílùú Accra, tí gbogbo ayé ti sọ di tiwọn. Kwashiorkor ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí àwọn ìyá ń fi pè ni àìsàn tó máa ń ṣe ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ìwé ìṣègùn ni Cicely Delphine Williams. Ó ti jáde láyé láti ọdún 1992, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó fi sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀.

Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá, ọdún 1893 ni wọ́n bí i ní erékùṣù Jamaica. Ó wọ Yunifásítì Oxford ní 1917, lásìkò tí Ogun Àgbáyé Kìíní ti kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sójú ogun, tí àyè fi ṣí sílẹ̀ díẹ̀ fún obìnrin láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ó di dókítà ní 1923. Nígbà náà, ogun ti parí, àwọn ọkùnrin ti padà dé, iṣẹ́ sì wọ́n fún obìnrin tó bá jẹ́ dókítà. Ó rí àyè ní ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Hackney, ní London. Níbẹ̀ ló ti gbà pé ẹni tí kò bá mọ ilé tí ọmọ ti wá kò lè mọ ohun tó ń ṣe é.

Ní 1929, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ní ilé ìwòsàn ọmọdé Princess Marie Louise ní Accra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún kan, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó bí ẹni tí iná jó. Wọn kì í rẹ́rìn-ín, wọn kì í fẹ́ jẹun, púpọ̀ nínú wọn sì ń kú. Nígbà tó yẹ òkú wọn wò, ó rí i pé ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ wọn.

Àwọn dókítà kan ní pellagra ni, àìsàn tí àìtó ọ̀kan lára àwọn fítámínì B ń fà. Kò dá Williams lójú. Ó kíyè sí i pé ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa kì í ní in. Ọmọ tí wọ́n ti já, tó jẹ́ pé ògì àgbàdo nìkan ló kù fún un, ló ń kó sínú rẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó ìgbà náà kò ṣe: ó béèrè orúkọ àìsàn náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú. Orúkọ yẹn gan-an sì ti sọ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ, nítorí ó ti sọ ìgbà tí àìsàn ń bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó bí i. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n máa ń bu ẹnu àtẹ́ lu kí ìyá tún lóyún nígbà tí ọmọ ọwọ́ kò tíì kúrò lẹ́nu ọmú.

Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní 1933. Hugh Stannus, ẹni tí wọ́n kà sí ọ̀gá nínú ìmọ̀ pellagra, kọ̀wé tako ó. Ní 1935, Williams fèsì nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, ó sì fi orúkọ Ga náà ṣe àkọlé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi àìsàn náà pe òmíràn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e lọ sí Malaya. Níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ń ta wàrà alágolo tó kún fún ṣúgà fún àwọn ìyá pé ó dára fún ọmọ ọwọ́. Ní 1939, ó sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ní Singapore, níbi tó ti fi wàrà yẹn wé ìpànìyàn. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n òun ló ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ń kú.

Ogun tún dé. Nígbà tí Singapore ṣubú sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Japan ní oṣù Kejì ọdún 1942, wọ́n kó o sẹ́wọ̀n ní Changi, ó wà ní ìgbèkùn títí di 1945, ó sì lo ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ológun wọn. Beriberi, tí àìtó fítámínì B1 ń fà, kọ lù ú, kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ nǹkan lára dáadáa mọ́ títí ó fi kú. Ẹni tó ti ń wo àìjẹunrekánú lára ọmọ ọlọ́mọ wá rí i lára ara rẹ̀.

Ní 1948, ó di ẹni àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka ìlera ìyá àti ọmọ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kwashiorkor di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ. Ní 1933, ohun tí Williams sọ kò ju pé ó ṣeé ṣe kí àìtó purotéènì wà nínú ọ̀ràn náà. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ di ohun tó dájú, wọ́n sì ń po oúnjẹ tó kún fún purotéènì káàkiri. Ṣùgbọ́n ní 1968, Gopalan sọ láti Índíà pé oúnjẹ ọmọ tó wú kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tó kàn rù. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi wú?

Jamaica, erékùṣù tí wọ́n ti bí Williams, ni èsì kan ti jáde. Ní 1987, Michael Golden àti Dan Ramdath gbé èrò tuntun kalẹ̀. Ara ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ kó lè rí agbára, ibi tí iná bá sì wà, èéfín kò ní ṣàì rú. Èéfín inú ara ni àwọn èròjà apanilára tó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì bí ìpáàrà ṣe ń jẹ irin. Ohun tí ara fi ń dènà wọn ni fítámínì bíi E àti A, èròjà bíi zinc àti selenium tí a nílò ní ìwọ̀n kékeré, àti glutathione tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ààbò yìí ti tán lára ọmọ tó ní kwashiorkor. Tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìsàn mìíràn bá wá dé bá a, ẹ̀dọ̀ á bàjẹ́, omi á sì jò sábẹ́ awọ.

Lóòótọ́, àyẹ̀wò fi hàn pé glutathione kéré lára àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí fún àwọn ọmọ ní Malawi ní fítámínì E, riboflavin, selenium àti èròjà tí ara fi ń ṣe glutathione, láàárín àwọn ọmọ 2,372, èsì tó jáde ní 2005 ni pé kò dènà àìsàn náà. Ààbò tó tán lè jẹ́ ara àìsàn, kó má jẹ́ orísun rẹ̀. Ní 2013, ìwádìí mìíràn lórí ìbejì 317 méjì-méjì ní Malawi kan náà tọ́ka sí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín inú ìfun: ìbejì kan á wú, èkejì á wà dáadáa, nínú ilé kan náà, lórí oúnjẹ kan náà.

Ìtọ́jú kò dúró de ìdáhùn. Ní ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọn kì í fún ọmọ tí àìjẹunrekánú rẹ̀ le ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí irin lè mú kí àìsàn tó wà lára rẹ̀ burú sí i. Nígbà tí ìyàn mú ní Niger ní 2005, ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières tọ́jú ọmọ tó ju 60,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n po mọ́ wàrà, òróró, ṣúgà, fítámínì àti zinc. Ẹni tó ń gbé ní Niamey, yálà ní Koira Kano tàbí ní àdúgbò mìíràn, lè má mọ̀ pé ilé iṣẹ́ STA tó wà ní ìlú náà ń ṣe irú ẹ̀pà yìí. Ìyá á gbà á ní ilé ìwòsàn, á sì máa fún ọmọ rẹ̀ jẹ nílé, láìjẹ́ pé ó sùn sí ilé ìwòsàn tàbí kó fi àwọn ọmọ yòókù sílẹ̀.

Williams kò rí ọdún yẹn. Oxford ló kú sí, ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje, ọdún 1992, ní ẹni ọdún 98.