Hermann von Helmholtz (1821–1894) àti Dígí Tó Ṣí Inú Ojú Sílẹ̀

Ìlú Potsdam ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí Hermann von Helmholtz sí ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1821. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni bàbá rẹ̀. Fíṣíìsì ni ọkàn ọmọ náà fà sí, ṣùgbọ́n owó ilé kò tó láti fi kọ́ ọ. Ní Berlin, ìjọba ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá gbà láti ṣe dókítà fún àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn náà. Ọ̀nà yìí ni Helmholtz gbà ní ọdún 1838.

Síbẹ̀, kò kọ fíṣíìsì sílẹ̀. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà tí ó gbé ìwé jáde ní ọdún 1847 láti fi hàn pé agbára kì í ṣègbé, pé ńṣe ni ó máa ń yí láti ìrísí kan sí òmíràn. Ní ọdún 1849, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Königsberg.

Ní àkókò náà, iwájú ojú nìkan ni dókítà lè yẹ̀ wò dáadáa. Rẹ́tínà, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú, kò hàn sí wọn àfi bí aláìsàn bá kú. Ojú lè máa fọ́ lọ láìsí àbùkù kankan lóde rẹ̀, kí dókítà má sì rí ohun tí yóò sọ.

Ní ọdún 1850, bí Helmholtz ti ń múra ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú ojú ń gbà jáde. Ó rí i pé ọ̀nà tí ó gbà wọlé náà ni ó ń gbà padà sí ìdí àtùpà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ gbé orí sí ojú ọ̀nà yẹn, orí rẹ̀ yóò sì dí àtùpà. Ìdí nìyí tí ọmọlójú fi máa ń dúdú. Ó wá gbé àtùpà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì dá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdagun. Dígí náà ń darí ìmọ́lẹ̀ sínú ojú aláìsàn, èyí tó ń padà bọ̀ sì ń gba inú dígí kan náà kọjá sí ojú dókítà. Páálí àti awò ojú lásán wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ fi ṣe é. Ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1851.

Charles Babbage ti ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1847, ṣùgbọ́n dókítà tí ó fi hàn kò ka ohun èlò náà sí. Ti Helmholtz kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Berlin, Albrecht von Graefe fi í ṣe ìpìlẹ̀ ìwádìí àìsàn ojú, òun náà ni ó sì kéde ní ọdún 1857 pé iṣẹ́ abẹ lè dá irú glaucoma kan dúró.

Nínú ìwé ńlá tí Helmholtz kọ nípa ìríran, tó jáde láàárín ọdún 1856 sí 1867, ó fi hàn pé ojú fúnra rẹ̀ ní àbùkù tó ń da àwòrán rú. Àbùkù yìí ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Rochester, ní Amẹ́ríkà, borí ní ọdún 1997. Dígí tó lè yí ìrísí padà, irú èyí tí a fi ń wo ìràwọ̀, ni wọ́n lò, wọ́n sì rí sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ojú ẹni tó wà láàyè.

Láti ọdún 1871, Helmholtz jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n fíṣíìsì ní Berlin, ẹ̀kọ́ tí owó kò jẹ́ kí ó kọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó kú ní Charlottenburg ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1894.