T. Llew Jones: Hẹdimásítà tó fi ìtàn olè orí òkun fa ọmọdé padà sí èdè Wales

Ní nǹkan bí ọdún 1955, bí ọmọdé kan ní Wales bá fẹ́ ka ìtàn olè orí òkun tàbí ti adigunjalè, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń fi kà á. Ìwé wà ní èdè Wales o, àmọ́ èyí tó lè mú ọmọdé gbàgbé oúnjẹ alẹ́ kò pọ̀. Thomas Llewelyn Jones, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí T. Llew Jones, ló wá yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní abúlé Pentrecwrt, ní Carmarthenshire. Nígbà tí ìjọba ka àwọn èèyàn ní 1911, nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń sọ èdè Wales. Ní 1961, ó ti já wálẹ̀ sí ìdá 26. Kì í ṣe ogun ló fà á. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wá iṣẹ́, òun náà ló gba rédíò àti sinimá kan.

Jones mọ̀ ọ́n dáadáa, torí iwájú ọmọdé ló ń dúró sí lójoojúmọ́. Ó ṣe hẹdimásítà ní Tregroes, lẹ́yìn náà ní Coed-y-bryn, àwọn súkúù kéékèèké ní ìgbèríko Ceredigion. Akéwì ńlá sì ni. Ní 1958, ó gba àga akéwì ní Eisteddfod, àjọ̀dún ewì àti orin tó ga jù ní Wales. Ní 1959, ó tún padà lọ gbà á. Ẹni tó bá gba àga yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, orúkọ rẹ̀ ti délé dóko. Ó lè jókòó ti àwọn àgbà akéwì kó má wo ẹ̀yìn mọ́. Àwọn ọmọdé ló padà sọ́dọ̀ wọn.

Ìwé rẹ̀, Trysor Plasywernen, jáde ní 1958 kan náà. Trysor y Môr-ladron, ìyẹn ìṣúra àwọn olè orí òkun, tẹ̀lé e ní 1960. Ní 1963 ló bẹ̀rẹ̀ ìwé mẹ́ta lórí Twm Siôn Cati, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ará Tregaron tí ọwọ́ òfin kò tètè bà. Ẹṣin, òkùnkùn, ihò àpáta, ẹrù fàyàwọ́: nǹkan tó ń bá wọn sọ nìyẹn.

Ọdún 1963 yẹn kò rọrùn nílé rẹ̀. Wọ́n ju Emyr, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, sẹ́wọ̀n nítorí bọ́ǹbù tó bú gbàmù níbi tí ìlú Liverpool ti ń kọ́ ìdídò omi ní Tryweryn. Ìdídò náà ló bo Capel Celyn mọ́lẹ̀, abúlé tó jẹ́ pé èdè Wales ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ní 1973, ó gbé Barti Ddu jáde, ìtàn Bartholomew Roberts, ọmọ Wales tó di olè orí òkun. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kan etíkun tiwa níbí. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1722, Roberts wọ èbúté Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ó gba ọkọ̀ ojú omi mọ́kànlá tó ń kó ẹrú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀, kò san owó ìtúsílẹ̀. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà, tòun ti nǹkan bí ọgọ́rin èèyàn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so méjì-méjì. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì fi pa òun náà nítòsí Cape Lopez, ní Gabon. Ní Wales, akọni inú ìtàn ni Barti. Ẹni tó bá ti dé Ouidah rí kò ní fi ojú kan náà wò ó.

Ìwé Tân ar y Comin gba ẹ̀bùn Tir na n-Og ní 1976. Ọdún yẹn náà ló fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ kò gbé bírò sílẹ̀. Ìwé tó kọ lé ní àádọ́ta.

Ó kú ní ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93. Títí dòní, bó bá ti di ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, àwọn súkúù ní Wales máa ń ṣí ìwé rẹ̀ kà fún àwọn ọmọ.