MODU, ẸNI TÍ Ó SỌ Ọ̀PỌ̀ ÌRAN DI ÌDÍLÉ KAN

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ ti gbọ́ ìròhìn Odi Gígùn ilẹ̀ Ṣáínà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ó mọ ìran tí a tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀ sí mọ irú odi bẹ́ẹ̀. Xiongnu ni àwọn ará Ṣáínà ń pè wọ́n. Darandaran ni wọ́n, tí ń da ẹṣin, màlúù àti àgùntàn kiri pápá tí ó tẹ́ lọ súà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mòǹgólíà lónìí. Modu ni ó lókìkí jù lọ nínú àwọn ọba wọn. Sima Qian, akọ̀wé ààfin Ṣáínà, ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, ní nǹkan bí 80 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi sọ́kàn pé láti ilé ọ̀tá ni ìtàn náà ti wá.

Touman ni bàbá Modu, òun ni ó ń jẹ Chanyu, èyí tí í ṣe oyè ọba wọn. Ní ọdún 215 ṣáájú ìbí Krístì, ogun Ṣáínà lé àwọn Xiongnu kúrò ní ibi tí odò Huang He ti yípo. Touman fẹ́ràn ìyàwó kékeré kan, ó sì ń wá ọ̀nà láti fi oyè fún ọmọ obìnrin náà. Ó fi Modu ránṣẹ́ sí àwọn Yuezhi ní ìwọ̀ oòrùn gẹ́gẹ́ bí ìdógò; kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ó gbógun tì wọ́n, kí wọ́n lè pa ọmọ náà. Ṣùgbọ́n Modu jí ẹṣin kan tí ó yára, ó sì sá padà wálé. Ìgboyà yìí wú bàbá rẹ̀ lórí, ó sì fi 10,000 ẹlẹ́ṣin sí abẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Modu kò gbàgbé. Ó ṣe ọfà kan tí ń súfèé bí ó bá ń fò lọ, ó sì pàṣẹ pé ibi tí ọfà òun bá kọjú sí ni kí gbogbo wọn ta tiwọn sí. Ó ta á sí ẹṣin rẹ̀ àtàtà. Àwọn kan ṣiyèméjì, ó sì bẹ́ wọn lórí. Ó ta á sí aya rẹ̀ àyànfẹ́. Àwọn kan tún ṣiyèméjì, ó sì bẹ́ àwọn náà lórí. Nígbà tí ó ta á sí ẹṣin bàbá rẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó dá ọwọ́ dúró, ó mọ̀ pé àkókò tó. Ní ọdún 209 ṣáájú Krístì, bí wọ́n ti ń ṣọdẹ, ó ta á sí Touman, gbogbo ọfà yòókù sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni kòtò tí bàbá gbẹ́ fún ọmọ di sàréè bàbá.

Àwọn Donghu ní ìlà oòrùn rò pé àwọn lè rẹ́ ọba tuntun yìí jẹ. Wọ́n béèrè ẹṣin bàbá rẹ̀ tí ó yára jù; ó fi í fún wọn. Wọ́n béèrè ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀. Ó fi í fún wọn. Nígbà tí wọ́n béèrè ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé, àwọn ìjòyè kan sọ pé kò sí ewu níbẹ̀. Nígbà náà ni inú Modu ru, nítorí lójú tirẹ̀ ilẹ̀ ni ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè. Ó pa àwọn ìjòyè náà, ó gun ẹṣin, ó sì bá àwọn Donghu láìròtẹ́lẹ̀, ó ṣẹ́ wọn túútúú.

Lẹ́yìn èyí ó lé àwọn Yuezhi sẹ́yìn, ó tẹ àwọn Dingling àti àwọn Gekun lórí ba ní àríwá, ó sì gba ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ pàdánù padà. Ó pín ìjọba sí apá òsì, apá ọ̀tún àti àárín, ó ní olórí 24, lábẹ́ wọn sì ni àwọn balógun ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún àti mẹ́wàá wà. Ní ọdún 200 ṣáájú Krístì, Gaozu, ọba Ṣáínà tí ó dá ìdílé Han sílẹ̀, kó ogun wá fúnra rẹ̀. Modu fi àwọn aláìlera hàn án, Gaozu sì sáré wọ inú ẹ̀bìtì. Ọjọ́ 7 ni Modu fi ká a mọ́ Baideng, lẹ́bàá ìlú tí ń jẹ́ Datong lónìí. Ẹ̀bùn tí Gaozu fi ránṣẹ́ sí aya Modu ni ó la ọ̀nà fún un. Ní ọdún 198, wọ́n dá májẹ̀mú pé Ṣáínà yóò fi ọmọbìnrin ìdílé ọba fún Chanyu ṣe aya, yóò sì máa fi aṣọ ṣẹ́dà, ọtí àti oúnjẹ ránṣẹ́ lọ́dọọdún.

Ní ọdún 176, Modu kọ̀wé sí ọba Wen ti Ṣáínà pé ìlú 26 ní ìwọ̀ oòrùn ti bọ́ sí òun lọ́wọ́, àti pé gbogbo àwọn tí ń fa ọrun ti di ìdílé kan ṣoṣo. Ní ọdún 174 ó kú, ọmọ rẹ̀ Laoshang sì jọba.

Irú ìran wo wá ni ìdílé yìí? Sima Qian kọ ọ́ pé ọmọ ọba Xia ti Ṣáínà àtijọ́, Chunwei, ni bàbá ńlá wọn. Nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà tiwa, àwọn kan ní èdè wọn bá ti àwọn Tọ́kì tan, àwọn mìíràn ní ti Mòǹgólíà, àwọn mìíràn sì ní ti àwọn ará etí odò Yenisei ní Sàìbéríà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó kù nínú ìwé àwọn ará Ṣáínà kò tó láti parí ìjà náà. Ṣùgbọ́n egungun inú sàréè ti fọhùn. Ní ọdún 2020 àti 2023, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí àmì ìran tí ó pamọ́ sínú egungun òkú wọn. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ àwọn darandaran ìlà oòrùn Mòǹgólíà, tí ń fi pẹlẹbẹ òkúta ṣe sàréè; wọ́n rí ti àwọn ará ìwọ̀ oòrùn, ní agbègbè òkè Altai, tí ó bá àwọn Saka tan; wọ́n sì rí ti àwọn tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn ju ìwọ̀nyí lọ. Àní nínú itẹ́ òkú kékeré kan ṣoṣo, oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ ni ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ń wá bàbá ńlá kan ṣoṣo fún àwọn Xiongnu ń wá ohun tí kò sọnù. Ọ̀pọ̀ ìran ni wọ́n, tí àṣẹ kan, ètò kan àti orúkọ kan so pọ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ẹni tí ó pa bàbá ara rẹ̀ ni ó sọ àjèjì di ìbátan. Àwa kò gbọdọ̀ yin ọwọ́ tí ó ta ọfà yẹn. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó kó jọ wà fún ohun tí ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn rẹ̀, èyí sì fi yé wa pé bí a bá ń béèrè ohun tí í sọ àwọn ènìyàn di orílẹ̀-èdè, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni kí a máa wò.